Májẹ̀mú Kì í Ṣe Gbèsè Tí Ọlọ́run Jẹ Ènìyàn

Ẹ̀kọ́ tó gbòde jù lọ nípa ìdàgbàsókè onígbàgbọ́ ní Cocody nílùú Abidjan, láti Riviera dé Deux-Plateaux títí kan Angré, dúró lórí ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé onígbàgbọ́ kò lè tẹ̀ síwájú àfi bó bá kọ́kọ́ já májẹ̀mú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ bá òrìṣà, odò tàbí òkú ọ̀run dá, nítorí pé ìdè wọn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó tilẹ̀ ti ṣèrìbọmi. Ìkejì ni pé lẹ́yìn tó bá ti já ti baba rẹ̀, kí ó bá Ọlọ́run dá tirẹ̀: kí ó fi owó tàbí ẹ̀jẹ́ lélẹ̀, kí ó pè é ní irúgbìn, Ọlọ́run kò sì ní lè yẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bí ilé, ọkọ̀, físà tàbí ìgbéyàwó bá dé, a jẹ́ pé olúwarẹ̀ ti dàgbà nínú ẹ̀mí. Bí wọn kò bá dé, a jẹ́ pé májẹ̀mú kan ṣì kù tí kò tíì já. Wọ́n ń fi èdè Faransé wàásù rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n sì ń fi Yorùbá wàásù rẹ̀ fún àwọn ọmọ Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ará Abidjan ń pè ní Anàgó. Ẹ̀kọ́ náà kò bá Bíbélì mu. Ohun méjèèjì tó fi dúró, àṣìṣe kan ṣoṣo ni: ó gba májẹ̀mú lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá a, ó sì sọ ọ́ di irinṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Kò sí ohun tó fi ẹ̀kọ́ yìí hàn kedere bí àpò ìwé kékeré tí wọ́n máa ń pín nígbà ìṣọ́ òru. Ààyè wà lójú àpò náà fún orúkọ, ààyè wà fún iye owó ní sefà, ààyè sì wà nísàlẹ̀ fún ohun tí olúwarẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tí kò bá mú owó dání lè fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, nítorí nọ́ńbà Wave tàbí Orange Money ti wà lójú ògiri níwájú gbogbo ìjọ. Wọn yóò ní kí wọ́n gbé àpò náà sókè, wọn yóò gbàdúrà sí i, wọn yóò sì kéde pé májẹ̀mú ti wọlé. Ẹni tó kọ ohun tó fẹ́ sójú àpò, tó fi owó sínú rẹ̀, tó wá ń retí, rajà ni. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn búburú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe.

Jẹ́nẹ́sísì orí 15 ni ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí májẹ̀mú jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ábúráhámù, tó ṣì ń jẹ́ Ábúrámù nígbà náà, béèrè bí òun yóò ṣe mọ̀ dájú pé òun yóò jogún ilẹ̀ tí Ọlọ́run ṣèlérí. Ọlọ́run ní kí ó mú abo ẹgbọrọ màlúù, ewúrẹ́, àgbò, àdàbà àti ọmọ ẹyẹlé wá. Ábúrámù la àwọn ẹran náà sí méjì, ó sì tò wọ́n kí wọ́n kọjú sí ara wọn. Àṣà ayé ìgbà náà ni pé àwọn tó ń dá májẹ̀mú yóò gba àárín ẹran kọjá, èyí tó túmọ̀ sí pé bí àwọn bá dalẹ̀, kí ojú àwọn rí ohun tí ẹran náà rí. Jeremáyà orí 34 jẹ́rìí sí i pé àṣà yìí ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ńlá gbé Ábúrámù lọ. Iná ìléru tó ń rú èéfín àti ògùṣọ̀ tó ń jó ló gba àárín ẹran náà kọjá. Ábúrámù kò kọjá. Kò jẹ́ ẹ̀jẹ́, kò san owó, kò tilẹ̀ dìde ńlẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìbúra.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti tọ́ka sí ọrọ̀ Ábúráhámù gẹ́gẹ́ bí èso májẹ̀mú. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kò tò ó bẹ́ẹ̀. Orí 13 ti sọ pé ó ní ẹran ọ̀sìn, fàdákà àti wúrà púpọ̀, kí orí 15 tó dé. Ohun tí májẹ̀mú ṣèlérí ni ọmọ àti ilẹ̀. Ọmọ dé nígbà tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ní ti ilẹ̀, ibojì ìyàwó rẹ̀ ní Makipélà nìkan ló ní títí ó fi kú, irínwó ṣékélì fàdákà ló sì fi rà á lọ́wọ́ àwọn ará Hítì, gẹ́gẹ́ bí àlejò tó mọ ipò ara rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní baba májẹ̀mú kú láìrí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Bí ohun ìní bá jẹ́ ẹ̀rí ìdàgbàsókè, Ábúráhámù fúnra rẹ̀ kò dàgbà.

Bí ti Ábúráhámù ṣe rí ni àwọn májẹ̀mú tó kù rí. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti kọjá nínú Òkun Pupa kí wọ́n tó gbọ́ òfin kan ní Sínáì. Ìdáǹdè ló ṣáájú, ìgbọràn ló tẹ̀ lé e. Ti Dáfídì tilẹ̀ tún lágbára jù. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 7, ọba náà fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run, èrò tó dára ni, bí wọ́n bá sì gbé e wá sí Cocody lónìí wọn yóò pè é ní irúgbìn ńlá. Ọlọ́run kọ̀. Ó ní òun ni òun yóò kọ́ ilé fún Dáfídì, ìyẹn ìdílé àti ìtẹ́ rẹ̀. Nínú kíkọ̀ yẹn ni májẹ̀mú Dáfídì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ méjì ni àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ irúgbìn máa ń dì mú jù. Ọ̀kan ni Diutarónómì 8:18, tó sọ pé Ọlọ́run ló ń fúnni ní agbára láti ní ọrọ̀ kí ó lè fìdí májẹ̀mú rẹ̀ múlẹ̀. Wọn kì í ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sí etí ìjọ. Ìkìlọ̀ ni orí náà látòkèdélẹ̀: Mósè ń bá àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilẹ̀ ọlọ́ràá sọ̀rọ̀, ó ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má wò ó pé agbára ọwọ́ àwọn ló mú ọrọ̀ wá. Ó rán wọn létí pé Ọlọ́run fi ebi kọ́ wọn ní ogójì ọdún nínú aginjù, ó sì ka ebi yẹn mọ́ ìtọ́sọ́nà baba sí ọmọ. Májẹ̀mú tí ẹsẹ náà ń tọ́ka sí, èyí tí Ọlọ́run ti búra fún àwọn baba wọn ni. Kò sí ẹni tó ń dá tuntun.

Èkejì ni Sáàmù 50, níbi tí Ọlọ́run ti pe àwọn tó fi ẹbọ bá a dá májẹ̀mú jọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé kò sí májẹ̀mú láìsí ẹbọ owó. Ó yẹ kí ẹni tó bá gbọ́ ìwàásù yẹn ka sáàmù náà tán nílé. Ọlọ́run pè wọ́n jọ kí ó lè bá wọn ṣẹjọ́. Ó sọ fún wọn pé òun kò ní gba akọ màlúù kankan nínú ilé wọn, pé gbogbo ẹranko igbó jẹ́ tòun, pé bí ebi bá tilẹ̀ ń pa òun, òun kò ní sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn tó ń fi ẹnu pe májẹ̀mú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá olè ṣe pọ̀, tí wọ́n sì ń ba ọmọ ìyá wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ líle ni, àwọn tó ń fi ẹsẹ karùn-ún rẹ̀ gba owó ló sì bá wí jù lọ.

Bí ẹ̀kọ́ yìí kò bá ti inú Bíbélì wá, ibo ló ti wá? Ní ọdún 1885, Henry Clay Trumbull, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ìmùlẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ káàkiri ayé. Ó kó ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò jọ, pàápàá ohun tí Livingstone àti Stanley kọ nípa bí àwọn ọba Áfíríkà ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ bá àlejò mulẹ̀. E. W. Kenyon, oníwàásù tó kú ní 1948, mú ìròyìn wọ̀nyí, ó fi ṣàlàyé májẹ̀mú Bíbélì: ẹni méjì tó bá mulẹ̀, ohun ìní ọ̀kan di ti èkejì, èyíkéyìí nínú wọn kò sì lè kọ ohun tí ìkejì bá béèrè. Kenneth Hagin, oníwàásù mìíràn, ka ìwé Kenyon, ó sì mú èrò rẹ̀ lò. Kenneth Copeland, oníwàásù bíi tirẹ̀, gbé ìwé jáde lórí òfin aásìkí ní 1974. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Nàìjíríà, tó sì gba Cotonou àti Lomé dé Abidjan, nípa ìwé, kásẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n. Ìmùlẹ̀ tí àwọn baba ńlá ṣe nínú igbó ni wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà lórí ìwé, tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ Bíbélì, tí ó wá padà dé bí ìṣípayá tuntun. Onígbàgbọ́ tó fi òru mẹ́ta gbààwẹ̀ láti já ìmùlẹ̀ baba rẹ̀, tó wá fi òru kẹrin ṣe irúgbìn májẹ̀mú, ìmùlẹ̀ kan náà ló tún padà lọ bá.

Ní ti májẹ̀mú ìdílé, ìbéèrè náà kò le tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dà. Jeremáyà orí 31 ni ibi tí Májẹ̀mú Láéláé ti ṣèlérí májẹ̀mú tuntun, láti ẹsẹ 31 lọ. Kí ó tó débẹ̀, ní ẹsẹ 29 àti 30, wòlíì náà mú òwe kan tó wọ́pọ̀ nígbà náà, pé baba ló jẹ èso kíkan tí eyín ọmọ fi kan, ó sì sọ pé àkókò ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní pa òwe yẹn mọ́. Olúkúlùkù yóò kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jókòó ti ara wọn. Òpin ẹ̀bi tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ baba ni ẹnu ọ̀nà májẹ̀mú tuntun. Ísíkíẹ́lì lo odindi orí 18 lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Báwo ni ẹni tó wà nínú májẹ̀mú tuntun yóò ṣe máa lo ọdún mẹ́wàá lórí òwe tí májẹ̀mú náà ti fagi lé?

Wọn yóò dáhùn pé Gídíónì wó pẹpẹ baba rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wó o lóru ọjọ́ kan, ó fi igi rẹ̀ rúbọ sí Ọlọ́run, ó sì kọjá lọ sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Kò padà wá wó o lọ́dọọdún. Ẹni tí ère tàbí oògùn wà nínú ilé rẹ̀, kí ó kó o dànù. Bíbélì kò sọ pé kò sí ẹ̀mí búburú, ẹni tí ẹ̀rù ìdílé rẹ̀ sì ń bà kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kólósè ni pé Jésù ti kan ìwé gbèsè mọ́ àgbélébùú, ó sì ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn alágbára náà. Àlùfáà tó ń kọ́ ìjọ pé ìwé gbèsè kan ṣì kù nínú àpótí baba wọn ń sọ pé iṣẹ́ àgbélébùú kò pé.

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Cocody sí mọ ọ̀nà mìíràn. Ilẹ̀ àwọn Ébrié ni, àwọn abúlé wọn bíi Blockhauss àti Anono ṣì wà láàrin àwọn ilé ńlá. Ní 1913, William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Cape Palmas ní Làìbéríà, rìn wọ etíkun Côte d'Ivoire pẹ̀lú aṣọ funfun, ọ̀pá àgbélébùú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti Bíbélì. Ó ní kí àwọn ènìyàn sun òrìṣà wọn, ó sì ṣèrìbọmi fún wọn lójú ẹsẹ̀. Kò ní kí wọ́n dúró kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìtúsílẹ̀ ìdílé. Ó gbà pé ìrìbọmi yẹn gan-an ni yóò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀mí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Kí ìjọba Faransé tó lé e kúrò ní ìparí 1914 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1915, àwọn òpìtàn ṣírò pé àwọn tó ṣèrìbọmi lé ní 100,000. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ìdí òrìṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí májẹ̀mú baba bá lè di ènìyàn mú lẹ́yìn ìrìbọmi, àwọn ni ì bá kọ́kọ́ dì mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Harris lọ ló sọ púpọ̀ jù nípa ìdàgbàsókè. Ó ti sọ fún wọn pé àwọn olùkọ́ yóò wá pẹ̀lú Bíbélì. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n yan àgbààgbà, wọ́n ń pàdé lọ́jọ́ ìsinmi níwájú ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kà, nígbà mìíràn lábẹ́ ìjọba tó ń wó ilé ìjọsìn wọn lulẹ̀. Nígbà tí William Platt, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé ọ̀dọ̀ wọn láti Dahomey ní 1923 sí 1924, ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ṣì ń dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá, láìsí wòlíì. Sùúrù irú èyí kò lè wọ inú àpò ìwé, ìdàgbàsókè ni síbẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀kọ́ irúgbìn ní ìdáhùn kan tó yẹ ká gbọ́. Wọ́n ní àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ń wàásù òṣì, pé ẹ̀kọ́ àwọn ló fún ọmọ tálákà ní ìrètí láti gbé orí sókè nílùú tí owó ti ń pariwo. Wọ́n tún ń tọ́ka sí Jékọ́bù tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìdámẹ́wàá ní Bẹ́tẹ́lì, tó sì di ọlọ́rọ̀. Ìrètí dára, òṣì kì í sì í ṣe ìwà mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń ru ẹ̀bi nígbà tí ìrètí náà bá já: ẹni tó san owó náà ni. Wọn yóò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, tàbí gbòǹgbò ìdílé kan ṣì fara pamọ́, wọn yóò sì tún na àpò mìíràn sí i. Ẹ̀kọ́ tí kì í jẹ̀bi láé kò lè tọ́ ẹnikẹ́ni dàgbà.

Ní ti Jékọ́bù, Ọlọ́run ti ṣèlérí ilẹ̀, ọmọ àti ìpadàbọ̀ fún un lójú àlá kí ó tó jí tó ń ná an lọ́jà. Ẹ̀jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ tó sì ń sá lọ ni. Ó lówó lóòótọ́ ní ilé Lábánì, ìwà ẹ̀tàn rẹ̀ sì ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbo ẹran náà. Ogún ọdún lẹ́yìn Bẹ́tẹ́lì, ó dé odò Jábókù. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ nínú àdúrà pé òun kò yẹ fún èyí tó kéré jù lọ nínú àánú Ọlọ́run, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Lọ́jọ́ kejì ó tẹríba fún Ísọ̀, ó sì rọ̀ ọ́ títí tó fi gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọrọ̀ Jékọ́bù ṣáájú ìdàgbàsókè rẹ̀. Àmì ìdàgbàsókè náà ni pé ó ń dá ohun tó gbà padà.

Ibi tí Májẹ̀mú Tuntun ti ń wá ìdàgbàsókè nìyẹn. Ìjọ Kọ́ríńtì kún fún ẹ̀bùn ẹ̀mí, wọ́n ń fèdè fọ̀, wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù pè wọ́n ní ọmọ ọwọ́ nítorí owú àti ìjà tó wà láàrin wọn. Ìwé Hébérù sọ pé àgbà ni ẹni tí ìṣe ojoojúmọ́ ti kọ́ láti mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Nínú Máàkù orí 4, àgbẹ̀ sùn, ó jí, irúgbìn hù láìjẹ́ pé ó mọ bó ṣe hù. Irúgbìn inú òwe Jésù yẹn kì í sì í ṣe owó.

Ìdàgbàsókè irú èyí ṣeé wò nínú ilé. Lẹ́yìn ògiri gíga Cocody ni àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣí géètì, awakọ̀, àti ọmọbìnrin tó ń fọṣọ tó ń dáná ń gbé. Ìjọba Côte d'Ivoire ti gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti 60,000 sefà sí 75,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn tí owó yìí kò dé ọwọ́ wọn sì pọ̀. Bí ẹnì kan bá fi 100,000 sefà sínú àpò irúgbìn nígbà tó jẹ ọmọbìnrin ilé rẹ̀ ní owó oṣù méjì, Málákì 3 ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹsẹ márùn-ún ṣáájú ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sórí ni Ọlọ́run ti sọ pé òun yóò yára jẹ́rìí lòdì sí àwọn tó ń rẹ́ alágbàṣe jẹ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, tó ń ni opó àti ọmọ aláìní baba lára, tó sì ń du àlejò ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè inú Jeremáyà 34, tí wọ́n gba àárín ọmọ màlúù kọjá, orí ọ̀rọ̀ ẹrú tí wọ́n ní àwọn yóò dá sílẹ̀ ni wọ́n ti dalẹ̀. Ìdámẹ́wàá ọdún kẹta nínú Diutarónómì 14 sì wà fún ọmọ Léfì, àlejò, aláìní baba àti opó, kí wọ́n jẹun yó. Àwọn Anàgó tó ti pẹ́ ní Abidjan kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí àlejò jẹ́ fún wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ alárinà. Ẹ̀kọ́ tó gbòde ní láti ní wòlíì tàbí baba nínú ẹ̀mí, nítorí pé òun ló mọ májẹ̀mú tó kù láti já, òun ló sì ń gbé àpò ìwé lọ síwájú Ọlọ́run. Májẹ̀mú tuntun inú Jeremáyà 31, tí ìwé Hébérù kọ jáde lódindi ní orí 8, kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Ó ní òfin Ọlọ́run yóò wà lórí ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní máa sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kí ó mọ Olúwa, nítorí gbogbo wọn yóò mọ̀ ọ́n, láti ẹni tó kéré jù títí dé ẹni tó tóbi jù, yóò sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jì wọ́n. Olùkọ́ Bíbélì ṣì wúlò gan-an. Ní Cocody yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ gíga Kátólíìkì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í ṣe ẹni tó ń dá májẹ̀mú fún ẹlòmíràn. Ọlọ́dẹ tó ń sùn lẹ́nu géètì ní Riviera ní ẹ̀tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ilé náà ṣe ní, kò sì sí iye kankan láti kọ sójú ìwé.